Àgbàdo Tí Mo Fi Kàwé

Nílé wa ní Bẹyẹrunka nílùú Ìbàdàn, bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ kan ń lọ sí yunifásítì, lọ́yà tàbí dókítà ni gbogbo ilé máa ń retí. Ní àárín àwọn ọdún 1980 tí èmi padà lọ fún oyè kejì, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo ti bímọ méjì, wọ́n sì bi mí pé kí ni mo tún fẹ́ lọ kọ́. Mo ní mo fẹ́ lọ kọ́ bí oúnjẹ ṣe lè máa tó gbogbo ará ìlú jẹ láìba ilẹ̀ jẹ́. Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ pé iṣẹ́ oko ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Ẹ gbà mí o! Ṣé yunifásítì ni mo ti wà látọjọ́ yìí tí n ò mọ̀?"

Láti ọjọ́ náà ló ti sọ mí ní Àgbẹ̀ Oníwèé. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, á gbọ́wọ́ lé iwájú orí bí ẹni ń wo oòrùn, á ní, "Àgbẹ̀ Oníwèé, ṣé òjò á rọ̀ lónìí? Kín ni ìwé ẹ wí?" Gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín. Inú èmi a máa tètè ru, n kò sì fẹ́ràn kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín, àgàgà níwájú àwọn ìyàwó ilé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bá wọn, ṣùgbọ́n mo ń sọ nínú ara mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá fi ohun tí mo kọ́ hàn wọ́n.

Bàbá tó bí mi lọ́mọ ti kú nígbà náà. Olùkọ́ ni, kò roko rí, ilé ìwé ló sì tì wá sí. Ìgbà ọdún nìkan la máa ń lọ sí abà ìdílé wa, láti lọ jẹ àgbàdo tútù, ká sì padà wálé wéréwéré. Àbúrò rẹ̀ yìí ló dúró ti ilẹ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn ṣe máa ń ṣe lòun náà ń ṣe, ọjọ́ díẹ̀ nílùú, ọjọ́ púpọ̀ lábà. Òun ni mo ń pè ní Bàbá lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo sì ń pè ní Ìyá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìwádìí mi jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè. Nígbà náà, gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tó wọ́n, tí rédíò ń pariwo pé ká padà sóko. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wá bí wọ́n ṣe máa kọ́ ilé ìkẹ́rùsí onírin tí wọ́n rí nínú ìwé òyìnbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ní kí èmi lọ sínú ìlú àtijọ́, kí n lọ wo bí àwọn tí kò ní irin ṣe ń tọ́jú àgbàdo wọn tí kòkòrò kì í fi í jẹ ẹ́ tán kí ọdún tó yípo. Ó ní kí n gba díẹ̀díẹ̀ wá láti ilé kọ̀ọ̀kan, ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Inú mi dùn dé ibi pé n kò mọ bí mo ṣe dé Òkè-Àdó tí mo ń gbé lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n bí mi sí ni! Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn ń bẹ̀rù láti wọ agboolé wọnú agboolé, èmi mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń rìn láti Bẹẹrẹ gba ẹ̀yìn Màpó lọ sí ìsàlẹ̀ Ọjà'ba, pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lábẹ́ apá àti àpò ọ̀rá lọ́wọ́. Ìkíni nìkan lè gba ìdajì àárọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi mí pé ọmọ ta ni mí, tí wọ́n á sì rí i pé àwọn mọ bàbá bàbá mi.

Ìbéèrè kan wà nínú ìwé náà tó fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ní kí n béèrè iye ènìyàn tó ń jẹun nínú ilé. Ní ilé àkọ́kọ́ tí mo ti bi wọ́n bẹ́ẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ò ń ka ọmọ fún mi ni?" Mo tọrọ gáfárà. Láti ìgbà náà, n kò béèrè iye ènìyàn mọ́, mo kàn ń ní kí wọ́n fi ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ alẹ́ hàn mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo wá rò pé mo gbọ́n. Mo rò pé kò sí ohun tí àwọn ènìyàn mi lè fi pamọ́ fún mi mọ́.

Ilé tiwa ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ. Bàbá wá sílùú fún ọjọ́ mélòó kan, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lójúde, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì gba ẹ̀yìn lọ sí ilé ìdáná Ìyá. Lókè ààrò níbẹ̀, wọ́n fi háhá so àgbàdo pọ̀ ní ìdì mẹ́ta, wọ́n fi kọ́ sára igi àjà. Èéfín ti sọ ara wọn di dúdú. Àgbàdo kéékèèké ni, kò wu ojú rárá. Nígbà tí mo ṣí ọ̀kan wò, hóró inú rẹ̀ funfun bíi wàrà, háhá rẹ̀ sì bò ó pinpin dé ṣóńṣó orí, tí kòkòrò kò rí ibi gbà wọlé. Mo padà síwájú.

"Bàbá, mo fẹ́ gba díẹ̀ nínú àgbàdo òkè ààrò yẹn lọ sí yunifásítì."

"Ìwé náà ni?"

"Ìwé náà ni sà."

Ó yí padà dáadáa sí ọ̀dọ̀ mi lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ṣé yunifásítì yín lóko?"

Mo ti ń retí ọjọ́ yìí láti ìgbà tó ti sọ mí ní Àgbẹ̀ Oníwèé. Mo ní, "Háà, bàbá! Oko tó lọ salalu! Katakata wà níbẹ̀, ajílẹ̀ òyìnbó wà níbẹ̀, omi ẹ̀rọ la fi ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn." Gbogbo rẹ̀ lòótọ́ ni. Ohun tí n kò sọ ni pé èmi kò ní iṣẹ́ kankan nínú oko náà. Inú yàrá ìwádìí lèmi wà, pẹ̀lú ìgò àti òṣùwọ̀n.

Ó mi orí, ó sì ké sí Ìyá pé kó kó àgbàdo òkè ààrò sọ̀kalẹ̀ fún mi.

"Gbogbo ẹ̀ náà?" ni Ìyá dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Gbogbo ẹ̀. Ilẹ̀ tiwọn gbòòrò."

Mo gbọ́ ọ, ó dá mi lójú pé mo gbọ́ ọ, mo sì rò pé bó ṣe lawọ́ ló fà á. Mo rò pé èyí tó pọ̀ wà lábà. Mo dúpẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, mo dì í sínú àpò, mo gba takisí. Bó ti wà lójúde tó ń wo takisí náà, ó tún ń pariwo tẹ̀lé mi pé, "Àgbẹ̀ Oníwèé, ṣe jẹ́jẹ́ o!" Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló tún ń ṣe.

Oṣù díẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo gbádùn jù nínú gbogbo ìwé tí mo kà láyé mi. Mo jókòó, mo tú hóró àgbàdo ilé kọ̀ọ̀kan kúrò lára ṣùkù. Mo lọ òmíràn kúnná, mo gbé e sínú ààrò oníná mànàmáná láti mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe tó. Mo tẹ́ òmíràn sórí bébà tútù láti wo iye tó máa hù. Mo dà á sínú ìgò, mo sì kó kòkòrò lé e lórí láti mọ èyí tí wọn yóò jẹ kíákíá. Òórùn àgbàdo kún aṣọ mi débi pé àwọn ọmọ mi ń béèrè ohun tí mo rà fún wọn jẹ.

Àgbàdo Bàbá ló borí gbogbo wọn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ jìnnà. Èyí tí mo tẹ́ sórí bébà hù tán pátápátá, mo ka èèhù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú, mo sì dà wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí, nítorí bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kòkòrò inú ìgò tirẹ̀ ń rìn kiri lórí hóró bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ nù. Mo sáré lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó gbé ìgò náà sókè sí ojú fèrèsé, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ṣé ó ṣì wà?"

Mo ní, "Ó wà nílé wa, sà. Ó pọ̀ níbẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, mo wo àpò tí mo kó wálé, mo rí i pé ó kù díẹ̀ tí n kò ní í lò mọ́. Kò yẹ kí oúnjẹ ṣòfò lọ́wọ́ ẹni tó ń kàwé lórí oúnjẹ. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta, mo sẹ́ ẹ, mo fi po ògì fún àwọn ọmọ mi. Ó funfun, ó sì fà dáadáa. Ọkọ mi ní òun kò mu irú rẹ̀ rí láti ìgbà èwe.

Nígbà tí òjò kọ́kọ́ dáwọ́ dúró láàárín ọdún, mo mú ìwé kan tí mo ya àwòrán èsì náà sí, mo lọ sí Bẹyẹrunka láti lọ fi yangàn. Bàbá ń fi igi tuntun sí ọkọ́ rẹ̀ lójúde. Kí n tó kúnlẹ̀ tán ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Àgbàdo wa ńkọ́? Ṣé ó ṣe dáadáa?"

"Ó ṣe dáadáa, bàbá! Òun ló ta gbogbo wọn yọ!"

"Alhamdulilahi." Ó fi ọkọ́ náà gún ilẹ̀ wò bóyá ó ti le. "Ìgbà wo lo ń gbé e bọ̀? Mo ti ṣán ilẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Òjò àrọ̀kúrò ò ní í pẹ́ dé."

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Gbé kín ni bọ̀, bàbá?"

"Irúgbìn náà."

Ojú mi lọ sórí ìwé ọwọ́ mi, bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀. Mo ní a ti lọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń dúró kí n parí ẹ̀fẹ̀ náà. Mo ṣàlàyé yàrá ìwádìí fún un, mo ṣàlàyé ìgò àti bébà tútù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín náà ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò ní ìgboyà láti sọ ti ògì.

"Gbogbo ẹ̀?" ló wí.

"Gbogbo ẹ̀, bàbá."

Ó gbé ọkọ́ ti ògiri. Ó ní òun fẹ́ lọ kírun, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tíì tó. Ó wọlé lọ.

Ìyá ló là mí lóye ní ẹ̀yìn, lẹ́bàá ààrò tí òkè rẹ̀ ṣófo. Láti ayé bàbá bàbá mi ni wọ́n ti ń gbin àgbàdo náà. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn rẹ̀, láti abà wa títí dé àwọn abà tó yí wa ká, ọ̀dọ̀ ìdílé wa ló ń wá. Wọn kì í du ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gba ìdì kan á lọ gbìn ín, bí ó bá kórè, á dá ìdì kan padà, á fi díẹ̀ lé e fún ọpẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó ń ránni létí, nítorí àbùkù ni. Lọ́dún tó ṣáájú, ọ̀dá ti mú ohun tí Bàbá gbìn. Ìdì mẹ́ta òkè ààrò yẹn ni gbogbo ohun tó kù. Nígbà tó gbọ́ pé yunifásítì ní oko, ó ti dá a lójú pé ilẹ̀ olómi ẹ̀rọ ni irúgbìn náà ń lọ, pé á pọ̀ sí i, pé mo máa kó o padà kí àrọ̀kúrò tó dé. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbin nǹkan kan sí abala ilẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ohun tó kọ́kọ́ gùn mí ni ìbínú, ojú ṣì ń tì mí láti sọ ọ́ títí dòní. Mo gbóhùn sókè sí obìnrin tó wẹ̀ mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Mo ní, "Ṣé ó dáa kí ènìyàn ní irúgbìn kan ṣoṣo láyé, kó kó o fún ẹlòmíì, kó má sọ̀rọ̀?"

Ìyá kò bínú. Ó ní, "Ọmọ ilé ló béèrè. Ṣé ká wá máa sọ fún ọmọ ilé pé kó rántí dá irúgbìn padà ni?"

Mo jókòó sórí àpótí níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Gbogbo ilé Ìbàdàn tí mo wọ̀, mo bi wọ́n léèrè ohun gbogbo, títí kan ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Nílé tiwa, n kò béèrè ohunkóhun, nítorí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Kí àrọ̀kúrò tó bẹ̀rẹ̀, mo wá irúgbìn náà bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Ìyá ka àwọn tó rántí pé wọ́n ti gbà nínú rẹ̀ fún mi. Mo wọ mọ́tò ní Mọ́lété lọ sí abà ọkùnrin kan. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi àgbàdo pupa gbàǹgbàgbàǹgbà hàn mí, ó ní látọdún kẹta lòun ti jọ̀wọ́ ti àtijọ́. N kò tíì jìnnà sí ibẹ̀ tí mo fi rí ìyá arúgbó kan tó ní òun ṣì ń gbìn ín. Nígbà tó ṣí i fún mi, hóró pupa ti dà pọ̀ mọ́ funfun lára rẹ̀. Ó fún mi ní ṣírí mẹ́rin, kò sì béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ní Ọjà'ba, mo ń ki ọwọ́ bọ àpò oníkálukú, mo ń wo hóró lójú oòrùn, títí obìnrin kan fi bi mí pé ṣé òrùka mi ló já sínú àgbàdo òun. Àpò àgbàdo tí wọ́n ń kó wá láti Ṣakí àti Òkè Ọya ni. Kò sí ẹni tó mọ oko tó ti wá.

Bàbá gba ṣírí mẹ́rin náà lọ́wọ́ mi. Ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ hóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Eléyìí ti lọ fẹ́ ará ibòmíì," ló wí, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ irúgbìn fún mi ní èyí tuntun tí wọ́n kùn lóògùn pupa. Bàbá gbà á, ó gbìn ín sí ilẹ̀ tó ti ṣán sílẹ̀, ó sì so ju ohun tí oko náà tíì so rí lọ. Mo rò pé ọkàn mi á balẹ̀. Nígbà tí Ìyá so ó kọ́ òkè ààrò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kò pẹ́ tí ìyẹ̀fun fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ìyá ní, "Ẹ wá wò ó, àgbàdo yunifásítì ń bá mi bu iyọ̀ sọ́bẹ̀." Mo gun àpótí, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Háhá rẹ̀ kò dé orí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kòkòrò ń wọlé, wọ́n ń jáde. Mo mú òṣùwọ̀n, mo wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbé e fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní ẹ̀rí tó dára ni. Àdánù ilé wa tún di orí kan sí i nínú ìwé mi.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo lọ dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ti ìlú mìíràn wá, àgbàlagbà tó ka gbogbo ojú ìwé, tó sì ti fàlà sábẹ́ ọ̀pọ̀. Wọ́n bi mí, mo dáhùn, ó ń lọ déédéé. Àgbàlagbà yìí wá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní irúgbìn tí mo pè ní ti ilé ìkẹyìn yìí, níbo ni ènìyàn ti lè rí i, nítorí ó yẹ kí ó tàn ká.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun náà kò mọ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀, n kò sọ ọ́.

Mo ní, "Ó wà nílé bàbá mi ní Bẹyẹrunka."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá jó yí mi ká lójúde, àwọn ìyàwó ilé ń pè mí ní dókítà, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe dókítà kankan. Bàbá jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀, ó sì pè mí sórí bẹ́ǹṣì.

"Kín ni wọ́n bi ẹ́?"

Láti ìgbà tí mo ti lọ irúgbìn rẹ̀, kò pè mí ní Àgbẹ̀ Oníwèé mọ́, n kò sì mọ̀ pé orúkọ náà lè wù mí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ múnú rẹ̀ dùn. Mo sọ fún un pé àgbàlagbà kan láti ìlú mìíràn ní àgbàdo rẹ̀ ló dára jù, pé ó béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí i.

"Kín lo wá wí?"

"Mo ní ó wà nílé wa."

Ó ní, "Tí wọ́n bá wá ńkọ́?"

Mo ní wọn kò ní í wá, pé àwọn oníwèé a máa béèrè nǹkan báyìí lásán ni.

"Ìwọ á wà ní ọ́fíìsì," ló wí, kò sì gbóhùn sókè. "Èmi ni wọ́n á bá lórí bẹ́ǹṣì yìí. Wọ́n á ní ọmọ mi sọ pé ó wà. Èmi á ní kò sí. Kín ni wọ́n á rò? Wọ́n á ní mo fi irúgbìn dù wọ́n. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ta ló wá gba irúgbìn nílé yìí tí a fi dù ú?"

Gbogbo bí mo ṣe ń káàánú irúgbìn láti ọjọ́ yìí, n kò ronú kan orúkọ Bàbá rí. Irúgbìn náà ti lọ, èmi tún wá gba ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn àlejò tí kò mọ̀ ọ́n.

Kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí bẹ́ǹṣì títí dórí ògì. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó ń wò wọ́n. Ó ní òun náà ì bá ti béèrè ju bí òun ṣe béèrè lọ. Ó ní wọn kò tíì di ìwé náà pọ̀, kí n lọ kọ òtítọ́ sínú rẹ̀, òun fúnra òun á kọ lẹ́tà sí àgbàlagbà ọjọ́ yẹn. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé tó kẹ́yìn pé irúgbìn ilé náà kò sí mọ́, pé olùwádìí ló lò ó tán láìbéèrè bóyá òmíràn wà.

Mo gbé ojú ìwé náà lọ sí Bẹyẹrunka kí n tó fi í fún ẹni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kà á fún Bàbá lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Kò tíì pé," ló wí. "Fi kún un pé èmi ni mo ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ fún ẹ, pé n ò bi ẹ́ pé kín lo fẹ́ fi ṣe."

Omi ti ń bọ́ lójú mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bi yín kọ́."

"Ta ló ń sọ ti ẹ̀bi? Kọ ọ́ síbẹ̀ ni mo wí," ni Bàbá dáhùn. "Kí ẹni tó bá kà á lè mọ̀ pé n ò fi dù ẹ́."